Ẹ Yẹ Gíláàsì Wò Kí Ẹ Tó Gé Owó Dírẹ́bà

  Mo mọ̀ pé ẹlòmíì yóò rẹ́rìn-ín nígbà tó bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi yìí. Yóò ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ gíláàsì ọkọ̀ ló kù tí ṣọ́ọ̀bù sítúwọ́ọ̀dù fẹ́ máa kọ sínú ìwé ẹgbẹ́, nígbà tí owó oṣù kò tó jẹun?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ owó oṣù gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ọ̀nà tí owó ń gbà jò lọ́wọ́ wa kì í ṣe ẹyọ kan. Òmíràn ń gba ojú fèrèsé ọkọ̀ jáde.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, dírẹ́bà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ní àkókò òjò, gíláàsì ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó sí, dúró sí agbede méjì. Kò lọ sókè mọ́, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Òjò pa á láti Papalanto títí dé Ṣàgámù, ó sì pa wébìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó padà dé, ó fi ẹnu sọ fún àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀. Ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn ni kúẹ́rì. Wọ́n ní ó ń tẹ swíìṣì bí ẹni ń ta ayò, pé òun ló jó ẹ́ńjìnì kékeré tó wà nínú ilẹ̀kùn, nítorí náà òun ni yóò san owó tuntun. Iye tí wọ́n gé lára owó rẹ̀ lóṣù náà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Wọ́n ra ẹ́ńjìnì tuntun, wọ́n dè é mọ́ ọn. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe dákẹ́ ni tuntun náà dákẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì. Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó fa rọ́bà tó wà ní ibi ìsopọ̀ ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀ sẹ́yìn, ó sì fi wáyà kan tó ti já hàn wọ́n. Kí èèyàn tó jẹ àmàlà tán, ó ti so ó pọ̀. Wọ́n tún dá ẹ́ńjìnì ti tẹ́lẹ̀ padà síbẹ̀ láti fi dán an wò, gíláàsì sì gòkè bí ìgbà tó ṣì wà ní tuntun. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ní dírẹ́bà jó, kò jó rárá. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì dá owó ọkùnrin náà padà fún un.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níhìn-ín, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni ẹlẹ́rìí, wọn kò sì bi í léèrè ohunkóhun. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ́ńjìnì, kí ẹnikẹ́ni tó gé owó dírẹ́bà, kí a kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀kùn wò. Àyẹ̀wò náà kò le. Kò sì gbówó lórí.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà, mo sì fi ti alẹ́ kún un. N kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹ̀gbẹ́ àwọn rìwáyà ni mo jókòó sí tí mo fi kọ́ ohun tí ẹ ó kà yìí, ọwọ́ mi náà sì ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí Peugeot 504 kún ojú títì wa, tí ilé-iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí tò ó ní ọdún 1975, ọwọ́ ni a fi ń yí gíláàsì èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Gíláàsì tó ń fi iná ṣiṣẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun láyé, nítorí ilé-iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ti fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti ọdún 1940. Ọ̀dọ̀ olówó ló wà nígbà náà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló wá sọ ọ́ di ti gbogbo wa. Lónìí ó wà nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ó wà nínú takisí, ó wà nínú tírélà.

Kò sì sí idán nínú rẹ̀. Iná ń kúrò ní bátìrì, ó ń gba inú fíùsì kọjá. Wáyà á gbé e gba inú rọ́bà ìsopọ̀ ilẹ̀kùn, yóò dé ọ̀dọ̀ swíìṣì. Swíìṣì á fi í ránṣẹ́ sí ẹ́ńjìnì kékeré. Ẹ́ńjìnì á yí maṣíìnì gíláàsì, maṣíìnì á sì gbé gíláàsì gba ojú ọ̀nà rẹ̀ tí a fi rọ́bà tẹ́. Bí ẹ bá tẹ swíìṣì sókè, wáyà kan nínú méjì tó lọ sídìí ẹ́ńjìnì á gba iná, èkejì á di ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ ipò, ẹ́ńjìnì á sì yí sí òdìkejì. Ẹ wá bá mi kà á: bátìrì, fíùsì, wáyà, swíìṣì, ẹ́ńjìnì, maṣíìnì, rọ́bà ojú ọ̀nà. Ibi méje ni àléébù lè wà. Ẹ́ńjìnì jẹ́ ọ̀kan péré nínú méje, síbẹ̀ òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi.

Báyìí ni kí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkíní, ẹ bi ara yín pé ṣé gbogbo gíláàsì ló kú ni, àbí ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kankan. Ìdí fíùsì ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì wo bátìrì. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn èrò nìkan ni kò ṣiṣẹ́, tí ti dírẹ́bà ń ṣiṣẹ́, ẹ wo bọ́tìnì kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà tí a fi ń ti ti àwọn yòókù pa. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú ilẹ̀kùn mẹ́ta palẹ̀ nítorí bọ́tìnì yẹn nìkan.

Èkejì, ẹ tan iná inú ọkọ̀, kí ẹ tẹ swíìṣì, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń yí ṣùgbọ́n tí gíláàsì kò mira, ẹ́ńjìnì wà láàyè. Okùn wáyà maṣíìnì ló já, tàbí eyín rẹ̀ ló jẹ, tàbí kí gíláàsì ti yọ kúrò lára ohun tó dì í mú. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí iná inú ọkọ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná ń dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì, nǹkan kan ló há: bóyá gíláàsì, bóyá maṣíìnì, bóyá ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Bí iná inú ọkọ̀ kò bá yí padà rárá, iná kò gba ibẹ̀ kọjá. Ó lè jẹ́ swíìṣì, ó lè jẹ́ wáyà tó já, ó sì lè jẹ́ kábọ̀n inú ẹ́ńjìnì tó ti jẹ tán. Ẹ má tíì dájọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn èrò, ẹ tẹ swíìṣì tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì tún tẹ ti dírẹ́bà tó ń darí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣiṣẹ́ tí èkejì kò ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnì kò jẹ̀bi. Bákan náà, gíláàsì tó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ gòkè, tí kò sì há síbì kan, swíìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnìkan tẹ swíìṣì mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíì máa rọra ṣí ilẹ̀kùn, kó máa rọra tì í. Bí gíláàsì bá ta pọ́n-ún kan tó tún dúró, wáyà inú rọ́bà ìsopọ̀ ló ti já. Ibẹ̀ gan-an ni ti ọmọ ẹgbẹ́ wa ti já. Ìgbà mélòó ni dírẹ́bà ń ṣí ilẹ̀kùn lóòjọ́? Wáyà tí a ń ká tí a sì ń nà lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní láti já lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ìwà dírẹ́bà.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹlẹ́rìí tó ju gbogbo wọn lọ. Ẹ tú bátìrì, kí ẹ ṣí pákó inú ilẹ̀kùn, kí ẹ fa ojú wáyà tó lọ sídìí ẹ́ńjìnì yọ, kí ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ sì fi tẹ́sítà, gílóòbù kékeré oníwáyà méjì yẹn, kan ojú méjèèjì. Kí ẹnìkan tẹ swíìṣì sókè, kó tún tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí gílóòbù bá tàn dáadáa lẹ́ẹ̀mejèèjì, iná ń dé, ẹ́ńjìnì ló jẹ̀bi. Bí kò bá tàn, ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn lọ wá wáyà, swíìṣì àti ẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé fóòtì 12 ni mọ́tò kékeré ń lò, fóòtì 24 sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Gílóòbù 12 á jó lára 24, ẹ́ńjìnì 12 náà á sì jó bí ẹ bá rà á fún tírélà. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan wà tí kọ̀ǹpútà wà nínú ilẹ̀kùn wọn. Ìyẹn lè gba ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gíláàsì lè gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí a bá tú bátìrì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ gbé e gòkè tán, kí ẹ ṣì di swíìṣì mú díẹ̀ sí i, yóò rántí.

Ẹ má fi ìka yín sí ojú ọ̀nà gíláàsì nígbà tí bátìrì bá wà lórí. Kí ẹ tó tú maṣíìnì, ẹ fi téèpù de gíláàsì mọ́ òkè, kó má jábọ́ lé yín lọ́wọ́. Maṣíìnì tó ní sípíríńgì lè ta síni lójijì, ó sì lè gé ìka.

Ọ̀rọ̀ tiwa níhìn-ín tún wá yàtọ̀ sí ti ará ìlú mìíràn. Láti Ewékorò dé Papalanto, títí lọ sí Ṣàgámù, sìmẹ́ńtì ni a ń jẹ, sìmẹ́ńtì ni a ń mu. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Eruku rẹ̀ ń wọ ojú ọ̀nà gíláàsì, ó ń jókòó sínú rọ́bà. Tí òjò bá wá rọ̀ sí i, gbogbo yín mọ ohun tí sìmẹ́ńtì ń ṣe nígbà tó bá pàdé omi. Ó ń di òkúta. Gíláàsì á wá máa ha, á máa lọ jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnì á máa fi agbára tó ju tirẹ̀ lọ tì í, yóò gbóná, yóò sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì wọ̀nyí ní ohun kan nínú tó ń gé iná nígbà tó bá gbóná jù. Bí ẹ bá fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tutù, yóò tún jí. Ẹni tí kò mọ èyí á ní ó ti kú, á sì lọ ra òmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó da omi sí ọkọ̀ tó ti sìmẹ́ńtì bọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ojú ọ̀nà gíláàsì, kí ẹ fẹ́ ẹ jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí gírísì pa rọ́bà. Ọ́ìlì ń mú kí rọ́bà wú, ó sì ń di eruku mú bí ẹ̀mọ́ ṣe ń di aṣọ mú. Sílíkónì ni kí ẹ fín sí i. Àwọn ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi òjò ń gbà jáde. Bí eruku bá dí wọn, omi á jókòó sínú ilẹ̀kùn, á sì ba ẹ́ńjìnì àti wáyà jẹ́. Bí fíùsì bá sì jó, ẹ má fi bébà sìgá dídán tàbí wáyà lásán rọ́pò rẹ̀. Fíùsì tó jó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà dí ojú rẹ̀, iná ló ń pè sínú ọkọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ fàájì ni gíláàsì. Fèrèsé tí kò tì ń da eruku sìmẹ́ńtì sí ẹ̀dọ̀fóró dírẹ́bà àti mọ́tò bọ́ọ̀yì rẹ̀. Fèrèsé tí kò ṣí nínú ọ̀sán gangan ń mú oorun àti àárẹ̀ wá. Bí ọkọ̀ bá wọ odò tàbí tí iná bá sọ, gíláàsì oníná lè kọ̀ láti ṣí. Nítorí èyí, ó yẹ kí òòlù kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà ní gbogbo ibi ìjókòó dírẹ́bà. Igun gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ lù. Ẹ má lu ti iwájú, nítorí gíláàsì méjì tí a fi ike lẹ̀ pọ̀ nìyẹn, kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Ẹ sì ṣọ́ àwọn ọmọ yín pẹ̀lú. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ọmọ tó bá fi orúnkún tẹ swíìṣì lè ti gíláàsì mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Nítorí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní ọdún 2005 pé swíìṣì tí a ń fà sókè ni kí wọ́n máa lò láti ti gíláàsì. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ti wà kí òfin náà tó dé. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ọmọ wà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n padà sórí owó. Òfin wà nílẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, ó ti wà láti ọdún 1974. Ẹ lọ ka abala karùn-ún rẹ̀. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ àfi bí òfin bá fàyè gbà á. Bí ó bá fẹ́ gé e nítorí ohun tó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni, tàbí pé ó ṣe àìbìkítà, lébọ̀ ọ́físà ìjọba sì gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gé e. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gé lóṣù kan, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ẹ fi èyí wé ti ọmọ ẹgbẹ́ wa. Àyẹ̀wò kò sí, ìwé lébọ̀ ọ́físà kò sí, iye tí wọ́n gé sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Àmọ́ o, n kò ní tàn yín. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀gá ní àwọn dírẹ́bà kan ń ba ọkọ̀ jẹ́, wọn kò sì parọ́ tán. Mo ti rí ẹni tó rí i pé gíláàsì há, tó sì tẹ swíìṣì mọ́lẹ̀ títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Mo ti rí ẹni tó ń gbá ilẹ̀kùn bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Mo sì mọ àwọn tó rí àléébù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọn kò sọ ọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ṣe irú èyí, ẹgbẹ́ kò ní lè gbèjà rẹ̀ tọkàntọkàn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa fi ẹnu sọ tirẹ̀, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i mú.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín pé kí a gbé lọ bá àwọn ọ̀gá ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ìwé àléébù wà nínú gbogbo ọkọ̀, kí dírẹ́bà kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó rí i, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i. Kí tẹ́sítà wà ní gbogbo gáréèjì, kí sítọ̀ má sì fi ẹ́ńjìnì gíláàsì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìsí ìwé àyẹ̀wò. Kí wọ́n má gé owó dírẹ́bà kankan kí aṣojú ẹgbẹ́ tó dúró níbi àyẹ̀wò náà, kí ìwé lébọ̀ ọ́físà sì tó jáde. Ilé-iṣẹ́ náà yóò jèrè nínú rẹ̀, nítorí owó tiwọn náà ni wọ́n fi ra ẹ́ńjìnì tí kò wúlò kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ dírẹ́bà.

Ní ti owó ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n gé, a ti kọ̀wé. Bí wọn kò bá dáhùn, ọ́fíìsì lébọ̀ ní Abẹ́òkúta ni ẹsẹ̀ kàn. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ, kó má jẹ́ èmi nìkan, nítorí àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Lónìí, gíláàsì rẹ̀ ni. Lọ́la ó lè jẹ́ táyà tìrẹ, tàbí maṣíìnì tí ìwọ ń dúró tì nínú ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n dá ẹlòmíì lẹ́bi láìyẹ nǹkan wò, kó máa retí kúẹ́rì tirẹ̀.

Ire o. Ẹ má gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ.